Má Tìtorí Ìdòwú Padà Wálé

Ìfàngní,
Ọ̀sán Ẹtì, nídìí iná epo.

Kẹ́hìndé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga. Èmi tí mò ń sọ ọ́ kò lè jókòó, ṣùgbọ́n kí ìwọ jókòó. Epo ń hó lórí iná, mò ń lọ, mò ń bọ̀, àbúrò rẹ Ìdòwú ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń wí i. Yorùbá tó kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń kọ ọ́, kò ní lè fi Faransé tirẹ̀ dà mí lọ́rọ̀ rú. Mo sì ti bá a ṣe àdéhùn pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sí i.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán o. Èmi Ìdòwú nìyí. Mo ṣe àdéhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá kò mọ ìwé kà. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì àkámọ́ báyìí, èmi ni.)

Ìdí tí mo fi ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ni pé fóònù ti sú mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí o pè, o sunkún, èmi náà sunkún, fóònù já, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ kankan sọ tán. Nígbà tí mo pè ọ́ padà, ohun tí o kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Màmá ni, àbí Ìdòwú?" N kò bá ọ wí. Ọmọ yìí ti fi ohùn mi pe oníbàárà wa kan ní Igolo pé kó wá kó epo, nígbà tí ẹyìn ṣì wà lórí ọ̀pẹ. Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, ó kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo lérí. Ó tún fi ohùn majò, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn wa, pe Tọ́ntọ̀n Jérôme pé kó má fi ẹran kan ẹnu mọ́. Àbúrò bàbá yín jẹ ẹ̀fọ́ lásán fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

(Kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó pàdé majò lọ́nà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àṣírí sì tú.)

Ìwé ni mo wá fẹ́, èyí tí o lè kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdòwú yóò ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ wí, kí a lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. O ní ọ̀gá yín ti fún ọ láyè kí o di òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ẹ̀jẹ̀ tí o wà lókè òkun náà pátápátá, pé wọ́n ń retí èsì rẹ lọ́jọ́ Ajé. Inú mi fẹ́ dùn, o sì ní o máa kọ̀ ọ́. O ní o bi ọ̀gá yín bóyá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí yóò di oògùn tí Ìdòwú máa lò, ó sì wò ọ́ lójú, ó ní òun kò mọ̀. Pé iṣẹ́ oògùn kọ́ ni tiyín, tiyín ni kí ẹ mọ bí nǹkan náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. O ní, "Màmá, mo fi àbúrò mi sílẹ̀ nínú ìrora, mo wá sínú òtútù yìí wá máa wo bí nǹkan ṣe ń bẹ̀rẹ̀." O ní o ń bọ̀ wálé, pé o máa gba iṣẹ́ ilé oògùn tí Tọ́ntọ̀n bá ọ wá ní Àjàṣẹ́, kí o lè wà nítòsí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá dé ìdí iná, màá gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, màá padà sídìí iná. Tọ́ntọ̀n náà kò sì jẹ́ kí n sinmi.

(Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó fa ṣòkòtò sókè, ó húkọ́, ó ní: "Bon. Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ yín ń wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wò láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti di fíìmù ni? Kó wálé, kó wọ aṣọ funfun, kó dúró sẹ́yìn káńtà, kí gbogbo Ìfàngní máa kí i ní 'Dókítà'. Voilà!" Mo ṣe é fún Màmá báyìí tán, ó ní kí n panu mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rín.)

Kẹ́hìndé, n kò mọ iṣẹ́ rẹ. Èyí tí o fi hàn mí nìkan ni mo mọ̀. Nígbà ọyẹ́ tí o wálé, o da ẹyìn tí a ti já sínú abọ́, o ní kí n ka abọ́ náà sí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. O mi abọ́, ẹyìn ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. O ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà o mú ṣírí kan tí ẹyìn ṣì dì mọ́. O ní nínú ẹ̀jẹ̀ Ìdòwú, bí èémí bá ti kúrò lára àwọn ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni wọ́n ń di ara wọn mú báyìí, wọn á tò gbọọrọ bí ọ̀pá, ọ̀pá náà á máa ti ògiri sẹ́ẹ̀lì láti inú títí yóò fi tẹ̀ bíi dòjé. Èyí tó ti tẹ̀ kò ní lè gba ọ̀nà tóóró kọjá mọ́, yóò dábùú rẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń dábùú títì ní Igolo tí gbogbo alùpùpù á máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. O ní ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Ó yé mi yékéyéké lọ́jọ́ náà. Ìdòwú ló wá yọ orí sí i, ó ní, "Èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ di èkejì mú? Ẹ fi hàn mí, kí n fọ́ ọ létí." O rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ, o ní, "Ìdòwú, òun gan-an ni mò ń wá kiri."

Rántí ẹ̀rín yẹn. Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹkún ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ mi èkíní nìyí. Nígbà tí bàbá yín wá láti Tchaada pé òun fẹ́ fẹ́ mi, àwọn àgbà wa ṣe ìwádìí bí a ti ń ṣe é. Wọ́n rán ìyá arúgbó kan lọ sí àdúgbò wọn bí ẹni tó lọ kí ọ̀rẹ́, kó máa tẹ́tí. Ṣé wèrè wà nílé náà? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà? Ṣé wọ́n ń jalè? Ṣé wọ́n ń na ìyàwó? Àwọn náà rán èèyàn sílé wa. Ẹni tí wọ́n rán padà lọ sọ pé kò sí àbùkù kan, àfi pé ariwo wa pọ̀. Wọ́n ní ariwo kì í pani. Inú gbogbo wa dùn.

Majò tó wà níbí nígbà náà pàdé wa lọ́jà, ó rọ̀ wá pé kí àwa méjèèjì yà wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ká tó so wá pọ̀. Èmi ni mo fi í ṣẹ̀sín. Mo ní, "Majò, ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló fẹ́ gbéyàwó ni?" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi nínú pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo sì tún un sọ títí mo fi délé. Bí o bá ń wá ibi tí Ìdòwú ti jogún ẹnu, ibẹ̀ ni.

Bàbá yín gbé ìdajì àìsàn Ìdòwú wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èmi náà gbé ìdajì wá. Ara wa le koko, kò sí ohun tó ń ṣe wá. A wádìí gbogbo nǹkan, a kò wádìí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí àwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín, ẹ má yára kọjá lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín pé ẹ̀jẹ̀ lò ń wò, rántí pé ìyá rẹ náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Àti pé ìwọ fúnra rẹ, o mọ̀ pé ìdajì wà lára rẹ. Ọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ ọ, ìbáà jẹ́ ọmọ Banigbé, ìbáà jẹ́ òyìnbó, bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí o tó bi í léèrè ilé rẹ̀.

(Ẹ bi í léèrè ilé rẹ̀ náà o.)

Èkejì. Dúró, epo ń ru sókè.

(Ó ti sáré lọ. Ó fi igbá fa díẹ̀ kúrò, ó ti igi kan padà, ó tún ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró láti àárọ̀.)

Èkejì ni ti Táyé. A kì í sábà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ àti òun lẹ jọ wá sáyé, ẹ̀tọ́ rẹ ni kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbóná, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan gún. Gbogbo ilé ní ooru ni, pé kí n fi omi tútù pa á. Mo gbé omi sínú ìkòkò sábẹ́ igi ọsàn títí ó fi tutù wọnú egungun, mo sì wẹ̀ ẹ́ nínú ọyẹ́. Ìwọ dúró tì mí, ò ń fa ìró mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òtútù ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn ló dá wọn lójú pé ooru ni. Èmi náà, ó dá mi lójú.

Nígbà tó lọ, wọ́n ní àbíkú ni. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, nítorí ó ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ti pe ọmọ ní àbíkú, ta ni yóò tún béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó di ìgbà tí Ìdòwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí n tó gbọ́ pé àìsàn ni, pé ó ní orúkọ, fòníkú-fọ̀ladìde, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ kò fi bà mí lẹ́rù. Ó ní òun kò mọ̀. Kẹ́hìndé, àwọn tó mọ̀ ló ní kí n bu omi tútù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀, tó sì tún padà sídìí iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, ni kí o dúró sí.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin. Ìdòwú, èwo la wà?

(Mo ní ẹ̀kẹsàn-án. Ó gbá mi lórí. Ẹ̀kẹta ni.)

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, mo fẹ́ kí ìyá bàbá yín mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ epo. O mọ̀ pé bí wọ́n bá gé ìdì ẹyìn, a ó dà á jọ, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, a ó fi í sílẹ̀ kí ẹyìn fúnra rẹ̀ tú. Ìyá náà lọ sọ́jà. Mo ṣí i kó tó tó ìgbà. Ẹyìn ṣì di ìdì mú. Mo mú àdá, mo gé e, mo bó o, mo ṣá a lọ́gbẹ́ káàkiri, àdá sì gé mi ní àtàǹpàkò. Mo sè é, mo gún un, mo fi omi rẹ ẹ́. Epo tó jáde kò kún igbá, ó sì kan. Ìyá ọkọ mi fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ní, "Ìyàwó, epo yìí ń bínú." Títí di òní, bí mo bá fẹ́ fi agbára ṣe nǹkan, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

O fẹ́ kí ẹyìn tú lọ́jọ́ tí o gé e. Oògùn ni o fẹ́ já, o kò fẹ́ dúró de ìmọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀.

(Mo dán an wò. Mo fi abẹ́ la èèrà kan nínú. N kò rí ìfun kankan. Ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yín wò ó.)

Ní ti ilé oògùn Àjàṣẹ́. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Oògùn tí majò ń kọ fún Ìdòwú wà níbẹ̀. Bàbá yín ń gun alùpùpù lọ rà á, ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ń nà án sí i, ó ń gbé e bọ̀. Bí o bá wálé, oògùn kan náà ni ìwọ yóò máa nà sí bàbá rẹ. Iṣẹ́ gidi ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ti gbà wá sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni náà ti wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ní Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ kí o máa wá.

Má sì ṣèlérí oògùn fún ẹnikẹ́ni nílé yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ò ń wádìí. Jẹun lórí ìjókòó. Wọ aṣọ méjì nínú òtútù yẹn, má sọ pé ẹ̀jẹ̀ tìrẹ dára. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, má fi ìbínú tún un bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kọ́kọ́ lọ sùn. Kí ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí o tó kí ọ̀gá. Má fi ìròyìn búburú pamọ́ fún mi kí n má bàa sunkún; màá sunkún, màá sì nu ojú nù.

Ìdòwú, kọ eléyìí bí mo ṣe máa sọ ọ́. Má yọ nǹkan kan kúrò.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni mo ti gbé bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé sílẹ̀. Ó sọ ọ́, mo gbọ́ ọ, mo ní n kò kọ ọ́.

"Kọ ọ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ pé a kí wọn."

"Ìdòwú."

Mo fa ìró mi sókè bíi ṣòkòtò, mo húkọ́, mo ní, "Bon, Ìyá Ìbejì..." Kò rẹ́rìn-ín. Epo ń hó gùdùgùdù, kò wẹ̀yìn wò. Ó wá jókòó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí lé itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbígbóná rẹ̀ pa á, ó ní, "Bí o kò bá kọ ọ́, Kẹ́hìndé kò ní dúró níbẹ̀. Torí tìrẹ ló ṣe ń bọ̀." Mo mú bíìkì.)

Kẹ́hìndé, bó bá ṣẹlẹ̀ pé Ìdòwú kò sí mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ohun tí ẹ ń wá, má ṣe dá iṣẹ́ náà dúró. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, má dá a dúró. Ọmọbìnrin kan wà ní Ko-Koumolou tàbí níbòmíràn lónìí tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ìdílé fún, tó ń fi majò rẹ́rìn-ín lọ́jà. Ọmọ tó máa bí kò tíì wá sáyé. Òun náà ni kí o máa ṣiṣẹ́ fún.

(Mo ti kọ ọ́. Ẹ wo bí ìlà rẹ̀ ṣe wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ ní torí mi lẹ fi fẹ́ padà, nítorí náà ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má bọ̀. Nígbà tí ìrora bá dé, orúkọ yín ni mo máa ń pè, ẹ kì í gbọ́. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn káńtà ní Àjàṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìrora yẹn, bí mo bá rántí pé ẹnì kan wà níbì kan tó tẹ ojú mọ́ ẹ̀rọ, tó ń wo ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ọmọ tó sọnù tó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń wá a. Wọn ò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ wọ́n ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohùn yẹn dákẹ́.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń lọ síbì kankan. N kò tíì bá Tọ́ntọ̀n ṣe tán. Bí ẹ bá sì kọ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá fi ohùn yín pe ọ̀gá yín, màá gbà á fún yín. Mo ti ń kọ́ Faransé yín tó ń gba imú jáde. Bàbá gbọ́ ọ láti ìta, wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, ìgbà wo lo dé?")

Epo mi ti fẹ́ jóná. Ọ̀rọ̀ tán.

Kí o má bàa ní Ìdòwú ló dá èyí kọ, mo ti ti àtàǹpàkò bọ epo, mo ti tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó lè sín ohùn mi jẹ, kò lè sín àtàǹpàkò mi jẹ. Àpá àdá tí mo fi bínú gé ẹyìn wà níbẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Ajé, Àbẹ̀kẹ́. Sọ pé o ń dúró.

Èmi ni ìyá rẹ.

(Àmì pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, tèmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó kọ́kọ́ di èkejì mú yẹn, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, bí mo wà, bí n kò sí, ẹ bá mi fọ́ ọ létí.)